A Kì Í Fá Orí Lẹ́yìn Olórí: Lámèyítọ́ Ìtàn Ìdìbò Àkọ́kọ́ ní Ìlú Vancouver, 1886

Ìfáàrà

Ní ọjọ́ kẹta oṣù Karùn-ún ọdún 1886, àwọn olùdìbò ìlú Vancouver, ní etí òkun ìwọ̀-oòrùn Kánádà, péjọ láti yan olórí ìlú wọn àkọ́kọ́, ẹni tí wọ́n ń pè ní méyọ̀. Malcolm MacLean ní ìbò 242. Richard Alexander ní ìbò 225. Ìbò 17 péré ni MacLean fi borí. Ìlú náà fúnra rẹ̀ kò tíì pé oṣù kan lójú òfin, nítorí pé ọjọ́ kẹfà oṣù Kẹrin ọdún náà ni òfin tí ó sọ ọ́ di ìlú fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Bí ènìyàn bá ka iye ìbò wọ̀nyí tán, ó lè rò pé òun ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé ìdí. Ṣùgbọ́n Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ìbéèrè tí iye ìbò kì í dáhùn ni pé: ta ni wọ́n kà, ta ni wọn kò kà, kí ni ó sì ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí wọn kò kà?

Púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa ọjọ́ náà wà nínú Early Vancouver, àkójọ onídìpọ̀ méje tí James Skitt Matthews bẹ̀rẹ̀ sí í gbé jáde ní 1932. Matthews ni ó di olùtọ́jú ìwé ìtàn fún ìlú náà. Ó lọ bá àwọn arúgbó tí ojú wọn tó ìgbà náà, ó jókòó tì wọ́n, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sílẹ̀. Iṣẹ́ ńlá ni, gbogbo àwa tí a ń bá ìtàn àtẹnudẹ́nu ṣe ní láti kan sáárá sí i. Bí kò bá ṣe é, ikú ìbá ti kó ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ.

Ohun tí mo fẹ́ ṣe nínú àròkọ yìí ni láti ṣe lámèyítọ́ bí àkójọ náà, àti àwọn òǹkọ̀wé tí wọ́n ń bù nínú rẹ̀, ṣe ń sọ ìtàn ìdìbò 1886. Èrò mi ni pé a ti ya ìtàn yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ìtàn mìíràn tí ó wà lọ́wọ́ Matthews kan náà, tí ó sì jẹ́ àtubọ̀tán rẹ̀. Bí a bá so méjèèjì pọ̀, ẹ̀rín tí ó wà nínú èkíní yóò gbẹ mọ́ wa lẹ́nu.

Bí ibùdó ṣe di ìlú

Kí Vancouver tó di Vancouver, Granville ni orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìjọba. Lẹ́nu àwọn ará ibẹ̀, Gastown ni. Orúkọ ìnagijẹ ọlọ́tí kan, Jack Deighton, tí ó kọ́ ilé ọtí síbẹ̀ ní 1867, ni wọ́n fi ń pe ibùdó náà. Ọ̀rọ̀ àsọjù ni wọ́n fi mọ ọkùnrin náà, tí ìnagijẹ rẹ̀ fi dúró lórí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ilẹ̀ Yorùbá ni, Ìlú Aláròyé ni à bá máa pè é.

Iṣẹ́ tí ó kó ènìyàn jọ síbẹ̀ ni igi lílà. Láti 1865 ni ilé-iṣẹ́ ìlagẹdú kan ti wà ní etí omi, èyí tí a wá mọ̀ sí Hastings Mill. Àwọn ọmọ Squamish ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, wọ́n ń di igi sínú ọkọ̀ òkun. Àwọn ará Hawaii wà níbẹ̀, àwọn ará Ṣáínà wà níbẹ̀, àwọn òyìnbó láti ìlú oríṣiríṣi wà níbẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí ó yí ibùdó náà padà ni ọkọ̀ ojú irin. Ilé-iṣẹ́ Canadian Pacific Railway ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé Port Moody ni ojú irin yóò parí sí. Nígbà tí ó yá, wọ́n yí èrò padà, wọ́n ní kí ó dé Granville. Ìjọba ìpínlẹ̀ British Columbia fún wọn ní ilẹ̀ tí ó ju 6,000 éékà lọ nítorí èyí. William Van Horne, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ náà, ni ó sì mú orúkọ Vancouver wá. Àwa máa ń sọ pé ilé là á wò kí á tó sọ ọmọ lórúkọ. Níbí, ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ kì í ṣe ará ilé rárá. Ilé-iṣẹ́ tí ó fẹ́ ta ilẹ̀ ni ó sọ ọ́.

Nǹkan bí 1,000 ènìyàn ni wọ́n ń ṣírò pé ó wà níbẹ̀ nígbà tí òfin náà jáde. A ó padà wá bi ara wa léèrè bí wọ́n ṣe kà wọ́n.

Ọjọ́ ìdìbò gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́

Àwọn òǹdíje méjèèjì jẹ́ ọmọ Scotland. Alexander ti pẹ́ ní ìwọ̀-oòrùn. Ní 1862 ni ó ti fi ẹsẹ̀ àti ẹran rin ilẹ̀ náà kọjá pẹ̀lú àwọn tí ń wá wúrà. Òun ni ó ń bójú tó Hastings Mill. MacLean ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ erékùṣù Tiree. Winnipeg ni ó ti wá, níbi tí òwò ilẹ̀ ti gbé e ga tí ó sì ti sọ ọ́ kalẹ̀. Oṣù mélòó kan péré ni ó tíì lò ní ìlú náà.

Kí ló dé tí àlejò tuntun fi borí ẹni àtijọ́? Ìtàn fi yé wa pé àwọn òṣìṣẹ́ Hastings Mill ti bá Alexander ṣe gbólóhùn asọ̀ lórí iye wákàtí tí wọ́n ń fi ṣiṣẹ́ lójúmọ́. Ìtàn sọ pé ó fi ọ̀rọ̀ kan tàbùkù wọn, tí ó fi wọ́n wé àwọn ará Ṣáínà. Ẹ kíyè sí i pé ohun tí ó dun àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe pé ẹnì kan tàbùkù àwọn ará Ṣáínà. Ohun tí ó dùn wọ́n ni pé wọ́n fi àwọn wé wọn. Inú ìbínú yìí ni ìbò MacLean ti hù.

Ìtàn méjì ni wọ́n sábà máa ń sọ nípa ọjọ́ ìdìbò náà gan-an. Èkíní ni ti ìwé àdéhùn ayálégbé. Òfin béèrè pé kí olùdìbò ní ohun ìní tàbí kí ó fi hàn pé òun ń san owó ilé. Wọ́n ní ìwé kan ṣoṣo ni àwọn kan ń gbà lọ́wọ́ ara wọn, tí ẹni tí ó bá ti fi í dìbò tán yóò fà á lé ẹni tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́wọ́. Èkejì ni pé ẹgbẹ́ Alexander kó àwọn òṣìṣẹ́ ará Ṣáínà láti ilé-iṣẹ́ ìlagẹdú wá láti dìbò fún ọ̀gá wọn, ni èrò bá dìde sí wọn, wọ́n sì lé wọn padà.

Lójú òfin, àwọn ará Ṣáínà kò lẹ́tọ̀ọ́ sí ìbò. Láti àárín àwọn ọdún 1870 ni British Columbia ti yọ wọ́n kúrò nínú àwọn tí ó lè dìbò, tí wọ́n sì yọ àwọn onílẹ̀ pẹ̀lú wọn.

Gírámà ẹ̀rín

Iṣẹ́ mi ni gírámà, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Nínú ìtàn ìwé àdéhùn, àwọn olùdìbò ni olùwà fún ọ̀rọ̀-ìṣe. Wọ́n gba ìwé, wọ́n fà á lé ara wọn lọ́wọ́, wọ́n dìbò, wọ́n rẹ́rìn-ín. Èrú ni wọ́n ṣe, ṣùgbọ́n ìtàn náà fún wọn ní ọgbọ́n àti àwàdà. Àwọn tí ó sọ ọ́ fún Matthews sọ ọ́ bí ẹni tí ń rántí ìgbà èwe rẹ̀.

Nínú ìtàn kejì, àwọn ará Ṣáínà kì í ṣe olùwà rárá. Wọ́n kó wọn wá. Wọ́n dìde sí wọn. Wọ́n lé wọn lọ. Àbọ̀ ni wọ́n nínú gbogbo gbólóhùn tí ó kàn wọ́n. Wọn kò fẹ́ ohun kankan, wọn kò sọ ohun kankan, wọn kò sì ní orúkọ. Orúkọ òyìnbó tí ó ta ọtí ní ọjọ́ náà wà nínú àkọsílẹ̀. Àwọn tí wọ́n lé, iye ni wọ́n. Wọn kì í ṣe ènìyàn.

Ẹ wá wo bí ẹ̀rín ṣe pín. Ẹni tí ó lo ẹ̀tọ́ kan ní ìgbà púpọ̀ jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́. Ẹni tí ó wá lo ẹ̀tọ́ tí wọn kò fún un jẹ́ irinṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀. Ìtàn náà kò ka èkíní sí ẹ̀ṣẹ̀ sí ìlú, ó sì ka èkejì sí i. Ó dá mi lójú pé àwọn àgbà tí ó sọ ọ́ kò mọ̀ọ́mọ̀ pín in bẹ́ẹ̀. Èdè ni ó bá wọn pín in. Ohun tí ó yẹ kí ó jẹ́ iṣẹ́ olùkójọ àti ti àwa òǹkàwé ni láti dá èdè náà dúró, kí a sì bi í léèrè.

Ẹnì kan lè sọ pé bí ayé ṣe rí nígbà náà nìyẹn, àti pé kò tọ́ kí a fi ojú òní wo àná. N kò gba àwíjàre yìí. Ní 1885, ọdún kan ṣáájú ìdìbò náà, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Wing Chong gbé ẹjọ́ òfin British Columbia tí ó ní kí àwọn ará Ṣáínà nìkan máa san owó ìwé àṣẹ pàtàkì lọ sílé ẹjọ́. Adájọ́ John Hamilton Gray dá a láre, ó ní ìpínlẹ̀ kò ní agbára láti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀. Wing Chong, olùwà nìyẹn: ó lórúkọ, ó pe ẹjọ́, ó borí. Adájọ́ òyìnbó nínú ayé ìgbà náà sì gbọ́ ọ yé. Nítorí náà, kì í ṣe ojú òní ni mo fi ń wo àná. Ojú àná wà tí ó rí i.

Ọdún 1885 kan náà ni ìjọba àpapọ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í gba dọ́là 50 lọ́wọ́ ará Ṣáínà tí ó bá fẹ́ wọ ilẹ̀ náà. Inú ọdún yẹn ni iṣẹ́ ojú irin parí, èyí tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn fi ara ṣe. Owó orí ni Yorùbá ń pe irú owó bẹ́ẹ̀, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Orí wọn tó owó orí í san, kò tó ìbò ó dì.

Ẹ̀rín ọjọ́ ìdìbò náà kò sì dúró sí ẹ̀rín. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Kejì ọdún 1887, kò tíì pé ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀, àwọn èrò lọ kọlu àgọ́ àwọn ará Ṣáínà tí ń ṣán igbó ní ẹ̀bá ìlú náà. Wọ́n lù wọ́n, wọ́n lé wọn sínú òtútù òru, wọ́n ba àgọ́ wọn jẹ́. Ọ̀rọ̀ náà burú tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba ìpínlẹ̀ fi gba agbára ìdájọ́ àti ti ọlọ́pàá kúrò lọ́wọ́ ìlú náà fún ìgbà kan, tí wọ́n sì rán ọlọ́pàá wá láti Victoria. Ẹni tí ó bá ka ìtàn ọjọ́ ìdìbò bí àwàdà, tí ó sì ka ti 1887 bí àjálù, kò tíì rí i pé èrò kan náà ni, ó kàn gba oṣù mẹ́wàá láti dàgbà ni.

Ìlú ń sọ èdè kan, òfin ń sọ òmíràn

Èdè wo ni àwọn ènìyàn ibùdó náà fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀? Níbi iṣẹ́, níbi ọjà, láàárín òyìnbó, ọmọ Squamish, ará Hawaii àti ará Ṣáínà, Chinook Wawa ni. Àdàlù èdè òwò ni, tí ó ràn ká etí òkun náà gẹ́gẹ́ bí pijin ṣe ràn ká etí òkun tiwa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Inú èdè àwọn onílẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti wá, Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì sì bù kún un.

Nínú èdè yìí, tillicum ni ènìyàn, ìbátan tàbí ọ̀rẹ́. Illahee ni ilẹ̀. Tyee ni olóyè tàbí ọ̀gá. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń jẹ́ ará King George, ọmọ Amẹ́ríkà ń jẹ́ ará Boston. Ẹ wo bí èdè náà ṣe to ayé. Òyìnbó ni ó ní láti fi ibi tí ó ti wá ṣe orúkọ, nítorí pé àlejò ni. Kò sí ẹni tí ó gbọ́ Chinook Wawa tí kò ní mọ ẹni tí ó ni ilé àti ẹni tí ó kan ilẹ̀kùn.

Òfin 1886 wá dé ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì dojú ètò náà bolẹ̀. Ọmọ abẹ́ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì di ènìyàn lásán, tí kò nílò àlàyé. Onílẹ̀ àti ará Ṣáínà di àwọn tí a gbọ́dọ̀ dárúkọ kí a tó lè yọ wọ́n kúrò. Nínú ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè, a mọ̀ pé ohun tí a fi àmì sí ni ó yàtọ̀ lójú ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Láàárín ọjọ́ kan, àmì náà kúrò lára àlejò, ó bọ́ sára onílé.

Matthews kò gbójú fo Chinook Wawa. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ wà káàkiri àkójọ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ohun ọ̀ṣọ́ ni wọ́n máa ń lò ó, láti fi hàn pé ayé àtijọ́ dùn. Èmi rò pé ẹ̀rí ni. Bí ìdìbò náà bá jẹ́ ti ìlú lóòótọ́, èdè ìlú ni wọn ìbá fi kéde rẹ̀.

Igun ilé tí wọ́n gé

Mo sọ níbẹ̀rẹ̀ pé ìtàn mìíràn wà lọ́wọ́ Matthews tí ó jẹ́ àtubọ̀tán ìdìbò náà. A ti dé orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún ọdún 1886, ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìdìbò, ìgbìmọ̀ ìlú tuntun fẹnu kò láti bẹ ìjọba àpapọ̀ pé kí ó fún ìlú ní ilẹ̀ kan tí wọ́n ti yà sọ́tọ̀ fún ológun. Nǹkan bí 1,000 éékà ni. Wọ́n fẹ́ fi ṣe ọgbà ìgbafẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ìpinnu àkọ́kọ́ ìgbìmọ̀ náà nìyẹn. Oṣù kan lẹ́yìn rẹ̀, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹfà, iná jó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo ìlú náà láàárín wákàtí díẹ̀. Àwòrán kan wà tí Harry Devine yà lẹ́yìn iná náà: àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ pé jọ níwájú àgọ́ aláṣọ kan tí wọ́n kọ orúkọ gbọ̀ngàn ìlú sí lára. Àwòrán tí ó gbajúmọ̀ jù lọ nípa ìbẹ̀rẹ̀ Vancouver ni. Ẹni tí ó bá wò ó yóò kan sáárá sí ìgboyà wọn, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀. Ilé wọn jó, wọn kò sá.

Ṣùgbọ́n ilé wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tọrọ. X̱wáy̓x̱way jẹ́ ibùgbé àtayébáyé nínú igbó náà. Chaythoos wà nítòsí rẹ̀. Ìjọba gbà, wọ́n sì ṣí ọgbà náà ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹsàn-án ọdún 1888. Orúkọ gómìnà àgbà, Lord Stanley, ni wọ́n fi pè é. Láti la ọ̀nà yí ọgbà náà ká, wọ́n wa òkìtì ìkarahun tí àwọn baba ńlá àwọn onílẹ̀ ti kó jọ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì fi tẹ́ ojú ọ̀nà.

August Jack Khahtsahlano, ọmọ Squamish, jẹ́ ọmọdé ní Chaythoos nígbà náà. Ó bá Matthews sọ̀rọ̀ fún ọdún púpọ̀, àkójọ ọ̀rọ̀ wọn láti 1932 sí 1954 sì jáde ní ìwé ní 1955. Ó sọ fún un pé nígbà tí àwọn awọnlẹ̀ dé, inú ilé ni òun àti àwọn ará ilé òun wà, tí wọ́n ń jẹun, ni àwọn yẹn bá ń gé igun ilé náà láti òde. Ọ̀nà wọn gba ibẹ̀ kọjá.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìtàn yìí ti ìtàn ìwé àdéhùn ayálégbé. Matthews kan náà ni ó kọ méjèèjì. Nínú èkíní, ìwé kan tí ó ṣojú fún yàrá tí ènìyàn púpọ̀ kò sùn rí ń fún wọn ní ohùn nínú ìlú. Nínú èkejì, ilé gidi, tí ìdílé ń gbé, tí iná ń jó nínú ààrò rẹ̀, kò fún onílé ní ohùn tí ó tó láti sọ pé ẹ dúró. Bí ilé bá ń sọni di olùdìbò, ilé Khahtsahlano ni ó yẹ kí ó ṣáájú. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Níbí, olórí wà níjokòó nígbà tí wọ́n ń fá a.

Ìdí nìyí tí mo fi sọ pé ìtàn kan ni méjèèjì. Ìpinnu ọjọ́ kejìlá oṣù Karùn-ún kò lè rí bẹ́ẹ̀ bí ìdìbò ọjọ́ kẹta kò bá rí bí ó ṣe rí. Ẹni tí wọn kò kà ní ọjọ́ ìdìbò ni wọn kò rí nígbà tí wọ́n ń wọn ilẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé tí ó tẹ̀lé Matthews fi ìdìbò sí orí ìwé tí ó sọ nípa òṣèlú, wọ́n sì fi igun ilé sí orí tí ó sọ nípa àwọn onílẹ̀. Odi tí ó wà láàárín orí méjèèjì ni mo fẹ́ kí a wó.

Ìbò àti ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn

Ọ̀rọ̀ tí àwa fi ń pe ohun tí wọ́n ṣe ní ọjọ́ náà ràn mí lọ́wọ́ láti rí i kedere. Ìbò kò bẹ̀rẹ̀ láti inú àpótí ìdìbò. Ṣáájú kí ìjọba òyìnbó tó dé, babaláwo ti ń fi ìbò lé ẹni tí ó wá dífá lọ́wọ́, owó ẹyọ ní ọwọ́ kan, egungun ní ọwọ́ kejì, kí Ifá lè yan ọ̀kan. Ìlànà tí ó wà nínú rẹ̀ rọrùn: ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni ó ń di ìbò mú. Babaláwo kì í dì í mú fún un, aládùúgbò kì í dì í mú fún un.

N kò sọ èyí láti fi yangàn pé tiwa dára jù. Ẹ wo etí òkun tiwa. Ní 1887, ọdún kan lẹ́yìn ìdìbò Vancouver, ìjọba Faransé sọ Dakar di ìlú tí ó ní ìgbìmọ̀ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ṣe fún Saint-Louis àti Gorée ní 1872 àti Rufisque ní 1880. Ẹni tí a bí sí ìlú mẹ́rin wọ̀nyí lè dìbò. Ìbátan rẹ̀ tí a bí sí abúlé tí ó wà lẹ́yìn odi kò lè dì í, bí àwọn méjèèjì tilẹ̀ jọ ń sọ Wolof. Ní Èkó, nígbà tí ìdìbò sí ìgbìmọ̀ aṣòfin dé ní 1923, ọkùnrin tí owó tí ń wọlé fún un lọ́dún tó 100 pọ́n-ùn nìkan ni ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Èkó kún fún ọmọ Èkó tí kò ní ìbò ní Èkó.

Ìtàn Vancouver kò sì gbè ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi jà lórí ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àtọ̀húnrìnwá ní orílẹ̀-èdè tiwa lónìí. Ẹni tí ó bá sọ pé onílẹ̀ nìkan ni kí ó dìbò, ẹ jẹ́ kó ka ìtàn àwọn ará Ṣáínà tí ojú irin jẹ́ òógùn wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé ẹni tí ó ní owó àti ìwé nìkan ni ó ni ìlú, ẹ jẹ́ kó ka ìtàn igun ilé. MacLean lo oṣù díẹ̀ ní ìlú náà, ó di olórí rẹ̀. Ìdílé Khahtsahlano wà níbẹ̀ kí ìlú tó wà, wọ́n di ẹni tí ó ń dí ọ̀nà.

Àgbálọgbábọ̀

Ó gba àkókò gígùn kí iye tó yí padà. Ní 1913, wọ́n kó àwọn tí ó ṣẹ́kù ní Sen̓áḵw, ibùgbé Squamish mìíràn ní etí omi, sínú ọkọ̀ kúrò ní ilẹ̀ wọn. Àdúgbò tí ó wà nítòsí ibẹ̀ ń jẹ́ Kitsilano títí di òní. Orúkọ ìdílé Khahtsahlano ni wọ́n gbé fún un. Wọ́n lé onílé, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lára ilé. Ní ọdún 1949 ni àwọn onílẹ̀ tó gba ẹ̀tọ́ láti dìbò ní ìpínlẹ̀ British Columbia, ọdún náà sì ni ìlú Vancouver ṣí ìbò rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ará Ṣáínà. Ní 2014, ìgbìmọ̀ ìlú gbà ní gbangba pé ilẹ̀ Musqueam, Squamish àti Tsleil-Waututh ni ìlú náà wà, tí wọn kò fi sílẹ̀ rí. Ní 2018, wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ará Ṣáínà. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, ìlú náà yan Ken Sim ní méyọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí ìran rẹ̀ jẹ́ ti Ṣáínà. Ọdún 136 ni ó wà láàárín àwọn tí wọ́n lé kúrò níbi ìdìbò àti òun.

Àforíjì dára, ṣùgbọ́n iṣẹ́ lámèyítọ́ kò parí síbẹ̀. Àkójọ Matthews ṣì ni gbogbo ènìyàn ń lọ bù mu. N kò sọ pé kí a sọ ọ́ nù. Èmi tí mo ti fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ẹlòmíràn ní iyì ọ̀rọ̀ ẹnu kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo ń bẹ̀ ni pé kí a máa kà á bí ó ṣe rí, ní odindi, kí ẹni tí ó bá ń sọ ìtàn ìbò 242 àti ìbò 225 fún àwọn ọmọ ilé-ìwé má ṣe dúró síbẹ̀ láìdé ibi tí ọmọdé kan ń jẹun, tí àáké sì ń dún lára igun ilé bàbá rẹ̀.